Orúkọ Ọ̀wọ́ àti Orúkọ Ojú-ibi: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Bí A Ṣe Ń Ṣa Ojú-ibi Olórúkọ nínú Ọ̀wọ́

Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ìbéèrè kan lọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kó ohun púpọ̀ jọ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, tí ènìyàn sì ti fún púpọ̀ nínú àwọn ohun náà ní orúkọ ṣáájú, èwo ni kí a ṣà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ń ka iṣẹ́ jíìnì lórí ègé ẹran ara ni ìbéèrè náà ti wá. Wọn a máa bi ara wọn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lásán ni: àṣẹ wo ni kí a tẹ̀ kí àwọn ojú-ibi tí ó ń jẹ́ orúkọ báyìí, tí wọ́n sì wà nínú ọ̀wọ́ báyìí, lè jáde fún wa? Èrò tiwa ni pé àṣẹ tí a ń tẹ̀ náà, ìtumọ̀ ni. Ẹni tí ó ṣa ojú-ibi ti pinnu èwo ni òun gbà gbọ́ nínú ẹlẹ́rìí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Ìdí nìyí tí a fi rò pé kò burú bí ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èdè àti ìtumọ̀ bá dá sí i.

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A óò rí i níwájú pé ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí méjèèjì kì í wo ilé rárá, síbẹ̀ òun ni a máa ń fẹ́ kí ó sọ ọmọ lórúkọ.

Ohun tí à ń pè ní ojú-ibi

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ojú-ibi jẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2016 ni Ståhl, Salmén àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Sweden gbé ọ̀nà yìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n gé ẹran ara ní ègé tín-ín-rín, wọ́n tẹ́ ẹ sórí gíláàsì tí a ti to àmì kéékèèké sí lẹ́sẹẹsẹ, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní kóòdù tirẹ̀. RNA tí ó bá jáde nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà lórí àmì kan yóò gba kóòdù àmì náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ka gbogbo RNA tán, a óò mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ìbú àmì kan nígbà náà jẹ́ máíkírómítà 100. Lórí gíláàsì Visium tí ó jáde ní 2019, ó ti dín sí 55, láti àárín àmì kan dé àárín èkejì sì jẹ́ 100. Àmì 4,992 ni ó wà nínú àyè kan tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 6.5. Àwọn àmì wọ̀nyí ni a pè ní ojú-ibi nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Kí ó má ṣe jẹ́ pé ojú-ibi ni a ń wò tí a sì ń rò pé sẹ́ẹ̀lì ni. Sẹ́ẹ̀lì mélòó kan, tí irú wọn kò sì dọ́gba, lè jọ wà lórí ojú-ibi kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí àwọn ayálégbé ṣe ń jọ gba ojúlé kan wọlé. Bí a bá wá fún ojú-ibi náà ní orúkọ kan, ẹni tí ó pọ̀ jù nínú ilé ni a sọ lórúkọ. Èyí túmọ̀ sí pé kí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ tó délẹ̀ rárá ni àwọn tí ó pọ̀ ti ń jẹ́ orúkọ mọ́ àwọn tí ó kéré lórí.

Ẹlẹ́rìí méjì ni ó ń jẹ́rìí sí ojú-ibi kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni kọ̀ǹpútà, tí kò mọ̀ ju iye RNA lọ. Yóò wo àwọn ojú-ibi tí jíìnì wọn jọra, yóò so wọ́n mọ́ ara bí aládùúgbò, yóò sì gé àwùjọ náà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ìlànà méjì tí ó wọ́pọ̀ jù fún gígé yìí ni Louvain, tí ó jáde ní 2008, àti Leiden, tí ó jáde ní 2019. Orúkọ ìlú ni méjèèjì, ọ̀kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, èkejì ní Họ́láńdì. Àwọn tí ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má fi orúkọ ìlú pe ohun tí ó ju ìlú lọ kò ì tíì rí èyí sọ̀rọ̀ lé lórí. Kọ̀ǹpútà kì í fún ọ̀wọ́ ní orúkọ, nọ́ńbà ni ó ń fún un: ọ̀wọ́ òdo, ọ̀wọ́ kìíní, ọ̀wọ́ kejì. Iye ọ̀wọ́ náà kò sì dúró sójú kan. Bí a bá gbé òdiwọ̀n ìgéwẹ́wẹ́ sókè, ọ̀wọ́ yóò pọ̀. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọn yóò wọ inú ara wọn.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ènìyàn. Dókítà tí ó mọ ẹran ara tinútòde yóò gbé àwòrán ègé kan náà síwájú, lẹ́yìn tí a ti rẹ ẹ́ láró, yóò sì máa sọ pé: ibí jẹ́ ọ̀rá, ibí jẹ́ jẹjẹrẹ, ibí jẹ́ ẹran ara tí kò ní àrùn. Òun ni ó ń wo ilé. Àmọ́ kò rí jíìnì kankan. Ìwé méjì ni a ní nígbà náà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹnìkíní kò sì ka ìwé ẹnìkejì.

Bí a ṣe ń ṣà á

Kí a mú àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ẹni tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀. Ní 2021, Maynard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ègé 12 láti iwájú ọpọlọ ènìyàn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún àwọn ojú-ibi náà lórúkọ: ìpele mẹ́fà tí ó wà lára èèpo ọpọlọ, àti ẹran funfun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ègé wọ̀nyí ti di òkúta ìdánwò. Ẹni tí ó bá ṣe ìlànà tuntun fún pípín ọ̀wọ́, orí ègé 12 yìí ni yóò ti dán an wò, yóò sì fi òdiwọ̀n tí Rand dá sílẹ̀ ní 1971, tí Hubert àti Arabie tún ṣe ní 1985, wọn bí ọ̀wọ́ rẹ̀ ṣe bá orúkọ àwọn onímọ̀ náà mu tó.

Nínú ọ̀wọ́ kan tí kọ̀ǹpútà kó jọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ojú-ibi máa jẹ́ ìpele kẹta, kí díẹ̀ máa jẹ́ ìpele kejì, kí mélòó kan má sì ní orúkọ rárá. Ọ̀nà tí ó yá jù, tí a sì ń rí jù, ni pé kí a pe gbogbo ọ̀wọ́ náà ní ìpele kẹta. Àwọn tí ó kéré kò ní ẹni tí yóò gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti di ìpele kẹta láìmọ̀. Àwọn mìíràn tí ọ̀nà yìí kò tẹ́ lọ́rùn a máa sọ pé kìkì ojú-ibi tí ẹlẹ́rìí méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni àwọn yóò ṣà. Wọ́n pè é ní ìṣọ́ra. Ó jọ ìṣọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ewu tí ó tóbi jù wà, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀.

Ẹni tí ó ṣa kìkì ojú-ibi tí jíìnì wọn bá orúkọ wọn mu, tí ó wá yíjú padà tí ó ń bèèrè pé jíìnì wo ni ó ya orúkọ yìí sọ́tọ̀ sí èkejì, ìdáhùn tí ó fi sínú àpò ni yóò tún fà yọ. Jíìnì ni ó fi ṣà wọ́n. Jíìnì kan náà ni ó tún ń fi dá wọn láre. Kò sí adájọ́ tí yóò jẹ́ kí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì kà á sí ẹlẹ́rìí méjì. Ìṣirò tí ó bá ti ọ̀nà yìí jáde yóò máa dán gbinrin, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan yóò sì máa hàn bí òkè. Kì í ṣe pé onímọ̀ náà purọ́. Àwọn tí ìbá já a nírọ́ ni ó ti kó kúrò nínú ìgbẹ́jọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ojú-ibi tí kò lórúkọ ń kọ́? Àṣà ni pé kí a yọ wọ́n sọnù kí a tó wọn ohunkóhun. Kò sí ẹni tí a rí tí ó ń kọ̀wé lórí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà lórí gíláàsì, wọ́n sì ní RNA bí àwọn yòókù. Orúkọ nìkan ni wọn kò ní.

Ohun kan tún wà nípa ègé 12 náà tí a kì í sábà tẹnu mọ́. Ènìyàn mẹ́ta ni a gé wọn lára, ègé mẹ́rin láti ara ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní méjì méjì. Àwọn méjì tí ó bára wọn wá fi máíkírómítà 10 péré jìnnà síra. Ẹni tí ó ní òun dán ìlànà òun wò lẹ́ẹ̀mejìlá kò ṣèké, àmọ́ ẹni mẹ́ta ni ó bi léèrè. Nínú ègé mẹ́rin tí ó jẹ́ ti ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, orúkọ márùn-ún ni a sábà ń kà dípò méje. Ọ̀pọ̀ ìlànà ni a sì máa ń sọ iye yìí fún ṣáájú: pín èyí sí méje, pín tọ̀hún sí márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ iye ìdáhùn fún kí ó tó wọ yàrá ìdánwò, a kò gbọdọ̀ yìn ín jù bí ó bá gbà á.

Òkè Bọ́lá

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí gíláàsì fún ìgbà díẹ̀. Ní 1962, Akin Mábògùnjẹ́ tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Geographical Review lórí bí àwọn àdúgbò ìgbé ní Ìbàdàn ṣe dàgbà. Ní 1967, òun, P. C. Lloyd àti Bọ́láńlé Awẹ́ jọ ṣe olóòtú ìwé The City of Ibadan. Iṣẹ́ tí Mábògùnjẹ́ ṣe lórí ìlú yìí kò jìnnà sí èyí tí kọ̀ǹpútà wa ń ṣe: ó wo ilé, ó wo ọ̀nà, ó wo bí ilé ṣe fún mọ́ ara tó, ó sì pín ìlú sí ọ̀wọ́. Ó rí ìlú kan tí ó ní ìdí méjì: ti àtijọ́ tí ó yí Ọjà'ba àti Màpó ká, àti ti ìgbà òyìnbó tí ó tẹ̀lé ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, ní ìhà Dùgbẹ̀ àti Gbági. Nínú ìwé ti 1967 kan náà ni ó ti kọ̀wé lórí àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n wá ṣe àtìpó ní Ìbàdàn. Òkè Àdó ni a mọ̀ wọ́n mọ́ jù, Òkè Bọ́lá sì fara kàn án.

Bí a bá fi ìrísí ilé pín ọ̀wọ́, Òkè Bọ́lá àti Òkè Àdó yóò bọ́ sínú ọ̀wọ́ kan náà, wọn yóò sì yàtọ̀ gedegbe sí Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnkà. Kí ni kí a pe ọ̀wọ́ náà? Ara Ìbàdàn tí ó dàgbà yóò dá wa lóhùn láìronú: àdúgbò Ìjẹ̀bú ni. Orúkọ tí àwọn tí ó pọ̀ fi lélẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lókìkí jù tí ó kọ́lé sí Òkè Bọ́lá ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ. Ṣé Ìjẹ̀bú ni ọmọ Rẹ́mọ? Bí a bá rẹ òdiwọ̀n ìgéwẹ́wẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá gbé e sókè, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ṣágámù yóò gbọ́ èsì. Ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ yìí ń gbé ní Òkè Bọ́lá. Nínú ilé tí ó ń gbé, ojúlé mẹ́fà ni ó wà, àwọn Ìjẹ̀bú kò sì gbà ju méjì lọ. Ẹni tí ó bá wá ṣèwádìí nípa Ìjẹ̀bú ní Ìbàdàn, tí ó ṣa gbogbo ilé tí ó wà ní Òkè Bọ́lá, mẹ́rin nínú mẹ́fà ni yóò ṣì mú ní ilé tiwa. Ẹni tí ó sì ṣa kìkì Ìjẹ̀bú tí ó ń gbé ní Òkè Bọ́lá àti Òkè Àdó yóò gbàgbé èyí tí ó ń gbé ní Òkè Fọkọ̀, yóò sì wá kọ ọ́ pé inú ilé irú báyìí ni Ìjẹ̀bú máa ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún un nípa nọ́ńbà ilé. Nọ́ńbà àtijọ́ ní apá ibí yìí a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SW, ti apá ibòmíràn pẹ̀lú N tàbí E. Ẹni tí ó bá yọ lẹ́tà iwájú yẹn kúrò, ilé mélòó kan ni yóò máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kóòdù àwọn ojú-ibi rí: kóòdù kan náà ni ó ń padà wá lórí gíláàsì Visium kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a kọ́kọ́ da ègé mẹ́rin pọ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ yìí, a fi kóòdù nìkan ṣa àwọn ojú-ibi olórúkọ, a kò fi orúkọ ègé ṣáájú. Orúkọ ègé kan bọ́ sórí ègé mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń ṣàlàyé àbájáde náà kí a tó mọ̀ pé kò sí ohun tí a ń ṣàlàyé. Ohun tí ó bani lẹ́rù níbẹ̀ ni pé àlàyé náà dùn.

Yorùbá ní Ìbàdàn

Ọ̀ràn tí ó kàn wá jù lọ nìyí. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ọ̀kan nínú àwọn àwùjọ tí a gba ẹ̀jẹ̀ wọn ni àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, àpapọ̀ 90. Àdúgbò kan ní Ìbàdàn ni a ti gbà á, lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé Yorùbá ni òbí àwọn òbí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A fi YRI ṣe àmì wọn. Àwọn tí ó ṣètò iṣẹ́ náà fi ìlànà lélẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa dárúkọ wọn: kí a kọ́kọ́ pè wọ́n ní Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà, kí a má ṣe sọ wọ́n di aṣojú gbogbo Yorùbá, áḿbọ̀sìbọ́sí gbogbo Áfíríkà. Ìlànà yìí dára púpọ̀. Lójú tiwa, ó wà lára ìwé lámèyítọ́ tí ó jinlẹ̀ jù tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ kò sì tẹ̀lé e tó. Ní 2008, a ka odidi jíìnómù ọkùnrin kan nínú àwùjọ yìí, tí àmì rẹ̀ jẹ́ NA18507. Ó wọ́pọ̀ kí a rí i nínú ìwé tí ó tẹ̀ lé e pé jíìnómù ọmọ Áfíríkà ni, láìsí Ìbàdàn, láìsí Yorùbá. Ojú-ibi kan ti di orúkọ ọ̀wọ́.

Iṣẹ́ 1000 Genomes tí ó tẹ̀ lé HapMap jẹ́ kí a rí ohun tí à ń sọ kedere. Nínú àkójọ rẹ̀ ti 2015, Yorùbá ní Ìbàdàn jẹ́ 108, Ẹ̀sán ní Nàìjíríà jẹ́ 99. Jíìnì àwùjọ méjèèjì súnmọ́ ara tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá rọra pín gbogbo àkójọ náà sí ọ̀wọ́ ńláńlá, inú ọ̀wọ́ kan ni wọn yóò jọ wà. Ẹ jẹ́ kí a wá lo ìlànà àwọn tí ó pọ̀. Nínú 207 wọ̀nyí, 108 ju 99 lọ. Nítorí náà Yorùbá ni gbogbo wọn. Ẹ̀sán mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ti di Yorùbá nítorí ènìyàn mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tí yóò gbà bẹ́ẹ̀ ní Èkpomà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Ìwà tí a kò lè hù sí ènìyàn ni à ń hù sí ojú-ibi lójoojúmọ́, nítorí ojú-ibi kò lè fèsì.

A gbọ́ ohun tí alátakò lè sọ. Yóò ní Ẹ̀sán ní ẹnu láti sọ ohun tí ó ń jẹ́, ẹran ara kò ní. Orúkọ tí dókítà fún ojú-ibi kì í ṣe ti ojú-ibi náà, ó lè ṣì í pè. Òtítọ́ ni èyí, a kò sì fẹ́ sọ dókítà di Ifá. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà ni ó jàre: ó rí jíìnì tí ojú kò lè rí. Àmọ́ bí ẹlẹ́rìí méjì bá ta ko ara wọn, ibi tí wọ́n ti takò ni ó yẹ kí a lọ wò, kí a tó lé ẹnì kan jáde nínú wọn.

Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi jẹ́ eré ọmọ ilé-ìwé nìyí. Ìbàdàn ní ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ tí ó ti wà láti 1960 ní ilé ìwòsàn UCH. Ní 2009, Huo, Olópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí jẹjẹrẹ ọmú lára àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Sẹ̀nẹ̀gà. Wọ́n rí i pé irú èyí tí kò ní àmì mẹ́ta tí dókítà fi ń mọ oògùn tí yóò lò pọ̀ jọjọ láàárín wọn. Nínú irú jẹjẹrẹ yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbógun ti àrùn a máa kó ara wọn jọ ní àwùjọ kéékèèké, àwọn kan létí, àwọn kan láàárín gan-an. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, àti bóyá wọ́n ti wọ inú tàbí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wà lára ohun tí a fi ń sọ bí ara aláìsàn yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú. Àwùjọ kékeré bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlànà àwọn tí ó pọ̀ máa ń gbé mì. Dókítà yóò ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ọ̀wọ́ yóò sì pè wọ́n ní jẹjẹrẹ. Bí ègé láti ara obìnrin kan ní Ìbàdàn bá sì gba orúkọ rẹ̀ láti inú àkójọ tí a ṣe lára àwọn ará ibòmíràn, ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni kò ní rí orúkọ gbà, a ó sì yọ ọ́ sọnù pẹ̀lú àwọn aláìlórúkọ yòókù.

Ohun tí a dábàá kò le. Kí orúkọ tí ènìyàn fúnni àti nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fúnni máa wà ní òpó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má ṣe fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Bí a bá ń ṣa ojú-ibi, kí orúkọ ègé máa ṣáájú kóòdù. Kí a má ṣe fi ègé tí a fi ṣà wọ́n dán wọn wò. Ègé ẹlòmíràn ni kí a fi dán wọn wò. Fún àwọn tí orúkọ wọn ta ko ọ̀wọ́ wọn, kí a wo ibi tí wọ́n jókòó sí. Èyí tí ó dá wà láàárín ẹgbẹ̀rún tí kò jọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àṣìṣe ọwọ́. Èyí tí ó tò lọ ní ààlà ìpele méjì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ìhà méjèèjì ni ó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹ́wàá tàbí méjìlá bá fara mọ́ ara wọn bí agbo ilé kan láàárín ìlú ẹlòmíràn, a kò gbọdọ̀ sọ wọ́n di ti onílùú kí a tó kan ilẹ̀kùn wọn.

Nígbà tí a ka àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bèèrè ohun tí a ó ṣe bí dókítà méjì bá fún ojú-ibi kan ní orúkọ méjì. Èsì wa ni pé kí a kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀, kí òpó di mẹ́ta. Ó ní tábìlì náà yóò fẹ̀ jù. Yóò fẹ̀ lóòótọ́.